Hilux akẹ́rù mi: mo yọ dífù 3.727, mo fi 4.10 sí i

Ìdí tí mo fi tọwọ́ bọ̀ ọ́

Hilux tí mo fi ń kó táìlì láti Òrílé Coker lọ sí Erékùṣù Èkó kò ní àìsàn kankan nínú ẹ́ńjìnnì. 22R ni, onípẹtiróòlù 2.4 lítà, alákàbúrétọ̀. A ti wọn kọ̀ǹpíréṣọ̀n rẹ̀, sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dọ́gba. Jíà márùn-ún ló ní, ọwọ́ la fi ń já a. Bí kò bá gbé nǹkan kan, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹrù ló ń tú àṣírí rẹ̀. Tí páálí táìlì bá ti kún ẹ̀yìn, tí mo fi Costain sílẹ̀, tí mo sì dojú kọ ibi tí Afárá Èkó ti ń gòkè, jíà kẹta kì í lè gbé e mọ́. Ohùn ẹ́ńjìnnì á wálẹ̀, ara ọkọ̀ á máa gbọ̀n. Tí mo bá já a sí kejì, ariwo á tún pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wá dá wa dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, kí ọkọ̀ tó tún ṣí, kílọ́ọ̀ṣì á ti máa rùn.

Kílọ́ọ̀ṣì yẹn gan-an ló jẹ́ kí n jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Díìsìkì ń jẹ tán kí àkókò rẹ̀ tó pé, àwọn tí mo bi sì ń dá mi lóhùn oríṣiríṣi. Ẹnì kan ní kí n gbé ẹ́ńjìnnì tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i, ẹlòmíì ní kí n dín ẹrù kù. Bàbá tó ń tún jíábọ́ọ̀sì ṣe ní Múṣin, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Oníjíà, ló bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí: “Ọmọ mi, réṣíò wo ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ ẹ?”

Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ àwa tó ń fi ọkọ̀ kó ẹrù ní Èkó ni kò mọ ti ọkọ̀ wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ báyìí.

Ohun tí réṣíò ń ṣe

Agbára tó jáde láti jíábọ́ọ̀sì máa ń gba ara pùrọ́pẹ́là, ọ̀pá gígùn tó wà lábẹ́ ọkọ̀, dé dífù, ìyẹn àwọn jíà tó wà ní àárín ásùlù ẹ̀yìn. Níbẹ̀, jíà kékeré kan tó ń jẹ́ píníọ̀n ló ń yí jíà ńlá tí à ń pè ní kúráùn, kúráùn ló sì ń yí táyà. Bí kúráùn bá ní eyín 41, tí píníọ̀n ní 11, pùrọ́pẹ́là gbọ́dọ̀ yí ìgbà 3.727 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí eyín píníọ̀n bá jẹ́ 10, ó di 4.10. Bí ó bá jẹ́ 9, ó di 4.556. Àwọn jíà kéékèèké tó wà láàárín kúráùn, tó ń jẹ́ kí táyà ọ̀tún àti ti òsì lè yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń wọ kọ́nà, kò bá réṣíò yìí tan rárá. Wọ́n kàn jọ ń gbé inú ilé kan náà ni.

Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń ga sí i ni ẹ́ńjìnnì á ṣe máa yí sí i kí ọkọ̀ tó rin ìrìn kan náà, agbára ìfà tó ń dé ìdí táyà á sì máa pọ̀ sí i bákan náà. Ẹni tó ru ẹrù gun òkè máa ń gé ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ohun tí dífù ń bá ẹ́ńjìnnì ṣe nìyẹn. Láti 3.727 sí 4.10, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni agbára ìfà fi ń pọ̀ sí i nínú gbogbo jíà, títí kan rìfáàsì. Ohun tí ẹ ó fi san án ni pé tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀, ìsáré ọkọ̀ á dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án.

Mo fẹ́ kí ẹ di apá tó kẹ́yìn yẹn mú dáadáa. Agbára ẹṣin ẹ́ńjìnnì kò fi ẹyọ kan pọ̀ sí i. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún awakọ̀ ní ọjà pé dífù tuntun á sọ ọkọ̀ rẹ̀ di “ẹ́ńjìnnì méjì”, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Dífù ń pín ohun tí ẹ́ńjìnnì ní lọ́nà mìíràn ni: ó ń fi ìsáré ra agbára ìfà. Ẹni tí kò bá lo ìsáré náà kò pàdánù nǹkan púpọ̀. Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ á san owó rẹ̀ lórí epo.

Kíka ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀

Àwo irin kékeré kan wà nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì Toyota tàbí lára òpó ilẹ̀kùn, a sì kọ kóòdù ásùlù sí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tòkúnbọ̀ la ń sọ. Ẹni tó lò ó kó tó wọ Èkó lè ti pààrọ̀ orí dífù (kúráùn àti píníọ̀n pẹ̀lú ilé tó gbé wọn), àwo náà á sì máa sọ ti àtijọ́. Kíkà ni mo gbà gbọ́.

A fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀, táyà méjèèjì kúrò nílẹ̀, a gbé e lé ìdúró irin, a fi òkúta há táyà iwájú. Jíà wà ní fíríì, háńbíréèkì sílẹ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì funfun fa ìlà sí ara pùrọ́pẹ́là, mo fa òmíràn sí ara táyà. Èmi yí táyà ọ̀tún, ọmọ iṣẹ́ yí ti òsì, a jọ ń yí wọn pọ̀ kí ọ̀kan má baà sáré ju èkejì lọ. Bí ẹ bá yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ lè má mọ ìyàtọ̀ láàárín 3.727 àti 3.909. Nítorí náà, a yí táyà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Pùrọ́pẹ́là yí ìgbà 37, ó tún lé ní ìlàrin díẹ̀. Eyín 41 sí 11 nìyẹn, 3.727.

Bí ẹ kò bá lè gbé ju táyà kan ṣoṣo sókè, ẹ yí èyí tó wà lókè yẹn ní ìlọ́po méjì, torí pé nígbà tí ìkejì bá dúró sílẹ̀, ìdajì péré ni pùrọ́pẹ́là máa yí.

Nọ́ńbà wo ni kí n mú?

Ibí ni mo ti lo àkókò jù, mo sì rò pé ibẹ̀ ló yẹ kí ẹnikẹ́ni ti lo àkókò.

Táyà 195R14 ló wà lára ọkọ̀ mi. Tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ń rin nǹkan bíi mítà 2.1. Jíà kìíní mi jẹ́ 3.95, ìkẹrin jẹ́ 1 gẹ́lẹ́, ìkarùn-ún jẹ́ nǹkan bíi 0.85. Ìṣirò tó kù kò le. Ní jíà karùn-ún, lórí ìsáré 100 kìlómítà ní wákàtí, ẹ́ńjìnnì ń yí nǹkan bí ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú 3.727. Pẹ̀lú 4.10, ó di nǹkan bíi 2,770. Pẹ̀lú 4.556, ó di nǹkan bíi 3,070. Ní jíà kìíní, àpapọ̀ ìlọ́po láti ẹ́ńjìnnì dé táyà jẹ́ 14.7 tẹ́lẹ̀. Ó máa di 16.2 pẹ̀lú 4.10, tàbí 18 pẹ̀lú 4.556.

Àwọn ará ibi tí mo ti ń kó ẹrù ní kí n mú 4.556, pé “tí ènìyàn bá fẹ́ ṣe é, kó ṣe é tán.” Mo mọ ohun tó jẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Láàárín Òrílé, Ìgánmú, Costain àti Àpọ́ngbọ̀n, kò síbi tí ẹnikẹ́ni ti ń dé 100. Awakọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kọjá Èkó, tó jẹ́ pé ẹrù ló máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, èmi náà á ní kó mú 4.556. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mi máa ń gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ kó ẹrù, ó sì sábà máa ń lọ lófìfo. Gbogbo ọ̀nà yẹn tí ẹ́ńjìnnì alákàbúrétọ̀ yóò máa yí lókè 3,000, tí kò sì gbé nǹkan kan, epo ni yóò máa jẹ, ariwo rẹ̀ nínú kábíìnì á sì rẹ awakọ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í kà sí. Eyín píníọ̀n tó bá dín kù, ara píníọ̀n náà á kéré sí i, eyín díẹ̀ yẹn ni yóò sì máa gba gbogbo ìwúwo iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ tó ń kó táìlì ní píníọ̀n tó nípọn.

Mo tún ro ti táyà. Táyà tó bá kéré ní ìdá kan nínú mọ́kànlá á mú agbára ìfà wá bí dífù 4.10 yìí gẹ́lẹ́, láìtú nǹkan kan. Àmọ́ táyà kékeré á mú ìdí ọkọ̀ sún mọ́ ilẹ̀, ojú ọ̀nà Òrílé nígbà òjò kò sì gba irú rẹ̀. Ó tún ní láti jẹ́ táyà tó lè ru ẹrù tí mo ń rù. Ibẹ̀ ni mo ti fi í sílẹ̀. Ìdàkejì ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ ènìyàn: ẹni tó bá gbé táyà ńlá sí ìdí ọkọ̀ nítorí ẹwà ti dín réṣíò ara rẹ̀ kù láìmọ̀, òun náà ló sì máa padà wá sọ pé ẹ́ńjìnnì ti rẹ̀.

Nítorí náà, 4.10.

Ladipo

Apá ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà Toyota ní Ladipo ni mo gbà lọ. Ohun tí mo mú lọ́wọ́ ni ìwọ̀n kúráùn tèmi, nítorí kúráùn ínǹṣì 7.5 àti ti ínǹṣì 8 wà fún irú ọkọ̀ yìí, ọ̀kan kò sì lè wọ ilé èkejì. Ti ínǹṣì 8 ni mo ní.

Ọ̀gá kan kọ́kọ́ mú kúráùn tó dáa jáde, eyín rẹ̀ ń dán, eyín 41. Ó wá na ọwọ́ sínú òkìtì píníọ̀n, ó mú eléyín 10 kan lé e lórí. “Ọ̀gá mi, 4.10 yín rèé.” Ìṣirò náà péye, ṣùgbọ́n ọjà náà kò ṣeé rà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n máa ń lọ kúráùn kan àti píníọ̀n kan pọ̀ mọ́ra wọn kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, ojú eyín ọ̀kan á ti mọ ojú eyín èkejì. Ẹ wo ẹnu píníọ̀n àti etí kúráùn dáadáa, nọ́ńbà tí a gbẹ́ sára àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Ti ọ̀gá yìí kò bára mu. Èyí tí wọn kò bá bí pọ̀, ẹ lè tò ó bó ṣe wù yín, á máa hu ni, eyín rẹ̀ á sì jẹ ara rẹ̀ tán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n náà, mo kọjá.

Ṣọ́ọ̀bù míì ní odidi orí dífù 4.10. Mo yí i lọ́wọ́, bẹ́árìn rẹ̀ ń kùn, ṣùgbọ́n kúráùn àti píníọ̀n inú rẹ̀ jọ ní nọ́ńbà kan náà. Mo fi èékánná gba ojú eyín kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn àti iwájú, bóyá màá rí ibi tó ti jẹ ihò wẹ́wẹ́ tàbí ibi tó ti já. Kò sí. Irin rẹ̀ kò ní àwọ̀ búlúù tó máa ń fi hàn pé ó ti ṣiṣẹ́ láìsí epo rí. Mo rà á, mo ra bẹ́árìn tuntun fún píníọ̀n àti fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo ra ọ́ìlì-síìlì mẹ́ta, ṣíìmù (àwo irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń dí àyè) oríṣiríṣi àti páìpù ìfúnpọ̀ tuntun tó máa ń wà láàárín bẹ́árìn píníọ̀n. Páìpù yẹn kì í ṣe ohun tí a ń lò lẹ́ẹ̀mejì, kódà kó ṣì máa dán.

Lórí tábìlì Bàbá Oníjíà

Títú u kò gba wàhálà. A da epo dífù nù, a tú pùrọ́pẹ́là, a tú páìpù bíréèkì, a fa ṣáàfù méjèèjì jáde pẹ̀lú àwo bíréèkì wọn. A tú nọ́ọ̀tì tó yí orí dífù ká, orí náà sì bọ́ síwájú. Ó wúwo ju ohun tí ẹnì kan ń dá gbé lábẹ́ ọkọ̀ lọ. Jáàkì la fi gbà á sílẹ̀.

A lè kàn ti bẹ́árìn tuntun bọ inú orí 4.10 tí mo rà, ṣùgbọ́n Bàbá wo ilé rẹ̀, ó rí i pé ojú ibi tí bẹ́árìn ẹ̀gbẹ́ ń jókòó sí ti jẹ. Ó ní ká gbé kúráùn àti píníọ̀n wọ inú orí tèmi tó ṣì le. Bí iṣẹ́ náà ṣe gùn nìyẹn, mo sì dúpẹ́ pé mo wà níbẹ̀ láti wò ó.

Kúráùn máa ń fún mọ́ àpótí tó ń gbé e. Bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù lù ú wọlé. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ gbé omi kaná, ó ti kúráùn bọ inú rẹ̀, omi náà hó yaya yí i ká. Irin tó bá gbóná máa ń fẹ̀. Ó fi ìkọ́ gbé e jáde, ó dúró kí omi ara rẹ̀ fẹ́ gbẹ pátápátá, ó wá sọ ọ́ kalẹ̀ lórí àpótí náà. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Ó ti kọ́kọ́ sàmì sí ihò bóòtù kó má baà sí pé à ń yí i kiri nígbà tó bá ń tutù. Lẹ́yìn náà ló fún bóòtù ní ìkọjá-ìkọjá, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú sípánà tó ń ka ìwọ̀n.

Píníọ̀n ló kàn. Ṣíìmù tó wà lẹ́yìn bẹ́árìn rẹ̀ ló ń pinnu bó ṣe máa wọlé jìnnà tó sí ara kúráùn. Ṣíìmù tó nípọn á tì í wọlé, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ á fà á sẹ́yìn. Ìdá kékeré nínú mílímítà ló ń ya dífù tó dákẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń hu. Bàbá kọ́kọ́ lo ṣíìmù tó wà nínú orí mi tẹ́lẹ̀, ó to gbogbo rẹ̀, ó wá kun ọ̀dà pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sí ojú eyín kúráùn bíi mẹ́rin. Ó fi ọwọ́ kan di kúráùn mú kó lè le díẹ̀, ó fi èkejì yí píníọ̀n síwájú àti sẹ́yìn.

“Wá wò ó.”

Mo tẹ̀ wò ó. Ibi tí eyín ti fara kan eyín ti nu ọ̀dà náà kúrò, ojú ibẹ̀ rí róbótó gígùn, ṣùgbọ́n òkè eyín ló wà, ó sún mọ́ ṣónṣó.

“Bàbá, ṣé bó ṣe yẹ kó wà rèé?”

“Rárá o. Àárín ni mo fẹ́. Òkè ló wà yìí, píníọ̀n ṣì jìnnà sí i. Ẹ gbé ṣíìmù tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ wá.”

Wọ́n tún tú u, wọ́n fa bẹ́árìn jáde, wọ́n pààrọ̀ ṣíìmù, wọ́n tún tò ó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àtúntò yìí kò pọn dandan. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ọ̀dà bọ́ sí àárín eyín láti òkè dé ìdí, ó sì tẹ̀ díẹ̀ sí apá inú kúráùn, bí Bàbá ṣe fẹ́ ẹ. Tí ẹrù bá ń wà lórí rẹ̀, ó máa ń sún síta, ìdí nìyẹn tí wọn fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti inú.

Àyè tó wà láàárín eyín méjèèjì tún ní ìwọ̀n tirẹ̀. Fún dífù yìí, 0.13 sí 0.18 mílímítà ni. Bàbá tú aago ìwọ̀n rẹ̀ kúrò nínú aṣọ tó fi wé e, ó gbé ẹnu rẹ̀ lé eyín kúráùn, ó di píníọ̀n mú kó má mì, ó mi kúráùn síwá-sẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ fò dé 0.22. Ó tú nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, ó fún èkejì níwọ̀n kan náà, kúráùn sún mọ́ píníọ̀n, abẹ́rẹ́ wá dúró sí 0.15. Bí àyè náà bá kéré jù, epo kò ní ráyè wọ àárín eyín, wọn yóò jó. Bó bá pọ̀ jù, ẹ ó máa gbọ́ “kọ́ọ̀!” nígbàkígbà tí ẹ bá tẹ tòròtù tàbí tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Nọ́ọ̀tì iwájú píníọ̀n ni wọ́n fún kẹ́yìn, pẹ̀lú páìpù ìfúnpọ̀ tuntun. Ibẹ̀ ni ọwọ́ Bàbá ti lọ́ra jù. Ó ń fún un díẹ̀, ó ń yí píníọ̀n, ó ń wọn bó ṣe le sí, ó tún ń fún un díẹ̀. Páìpù yẹn máa ń wú bí nọ́ọ̀tì bá ṣe ń fún un. Tí ẹ bá fún un kọjá, ẹ kò lè tú nọ́ọ̀tì náà padà kí ẹ ní ó ti dọ́gba. Páìpù tuntun lẹ máa lọ rà. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń tú u padà. Bẹ́árìn píníọ̀n ló máa ń sanwó rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Ìdápadà rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ yá. Ọ́ìlì-síìlì ẹnu ásùlù méjèèjì di tuntun, kí epo má baà yọ́ sára bíréèkì. A fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù bíréèkì. Epo 80W-90 tí wọ́n kọ GL-5 sí lára ni mo rọ sí i títí ó fi dé ẹnu ihò. GL-4 kò tó fún irú eyín yìí, nítorí pé eyín píníọ̀n àti kúráùn máa ń yọ̀ lórí ara wọn bí wọ́n ṣe ń yí, ó sì nílò epo tí a pò fún irú ìfúnpọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lójú ọ̀nà

Bàbá ní kí n máa lọ jẹ́jẹ́ láìkó ẹrù tó wúwo fún ìwọ̀n 800 kìlómítà àkọ́kọ́, kí n má sì di ìsáré kan mú fún ìgbà pípẹ́. Mo tẹ̀lé e. Mo gba Adéníji Adélé bọ́ sórí Afárá Kẹta, mo ń lọ sí Òwòròǹṣọkí láìgbé nǹkan kan, mo pa rédíò, mo fi etí sílẹ̀. Kò hu nígbà tí mo tẹ tòròtù, kò hu nígbà tí mo gbé ẹsẹ̀ kúrò. Mo yọ̀ gan-an ni.

Ìgbọ̀n kékeré kan wà tó ń yọ lókè 90. Kì í ṣe dífù. Pùrọ́pẹ́là ló ń yí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: ní 100 kìlómítà ní wákàtí, ó ti kúrò ní nǹkan bíi 2,960 sí 3,250 ní ìṣẹ́jú kan. Kúróòsì, ìyẹn oríkèé pùrọ́pẹ́là, tó ti jẹ díẹ̀, tí kò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀, ló wá fara hàn. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ìgbọ̀n náà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó kọ́kọ́ di pùrọ́pẹ́là rẹ̀ mú kó mì í wò.

Nígbà tí ẹrù wá padà sẹ́yìn ọkọ̀, mo fi Costain sílẹ̀ ní jíà kẹta, mo sì wà ní kẹta títí a fi dé òkè. Ó wálẹ̀ díẹ̀ o, kì í ṣe pé ó ń fò. Ṣùgbọ́n kò gbọ̀n, kò béèrè fún kejì. Tí wọ́n bá dá wa dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó máa ń ṣí nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì bá kàn gbá a mú. Kò tún sí òórùn yẹn mọ́. Rìfáàsì ló yà mí lẹ́nu jù, nítorí n kò tilẹ̀ ro tirẹ̀ tẹ́lẹ̀: ọgbà oníbàárà mi kan ní Ọ̀bálẹ́ńdé ga ju títì lọ, ẹ̀yìn la sì máa ń gbà wọlé pẹ̀lú ẹrù. Tẹ́lẹ̀, awakọ̀ mi á gun tòròtù, á máa fi kílọ́ọ̀ṣì ṣeré. Báyìí, ó ń wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tí a bá ń sọ̀kalẹ̀ sí Àpọ́ngbọ̀n, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń di ọkọ̀ mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bíréèkì sì ń sinmi díẹ̀.

Ohun tí kò dùn mọ́ mi nínú: bí kò bá sí ẹrù, jíà kìíní máa ń tán kíá. Ẹ kò tíì rìn jìnnà, ó ti ń béèrè fún kejì. Mo ti sọ fún awakọ̀ pé tí ọkọ̀ bá ṣófo lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó máa fi kejì bẹ̀rẹ̀. Lórí ọ̀nà Ìbàdàn, ariwo ẹ́ńjìnnì pọ̀ díẹ̀ sí i, epo náà sì ń lọ díẹ̀ sí i. Nínú Èkó pẹ̀lú ẹrù, epo tí mo ń rà kò pọ̀ sí i, nítorí pé ẹ́ńjìnnì kò tún wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀ mọ́.

Mítà ti ń sọ ohun mìíràn

Ìdí jíábọ́ọ̀sì ni wáyà mítà ìsáré ọkọ̀ yìí ti ń jáde, ó ń ka iye ìgbà tí pùrọ́pẹ́là yí, kò mọ̀ pé a ti pààrọ̀ dífù tó wà lẹ́yìn. Kí a tó ṣe iṣẹ́ náà, mítà àti GPS fóònù mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Báyìí, bí mítà bá sọ 110, 100 ni a ń sá. Bí ó bá ka 550 kìlómítà, 500 la rìn.

Ibi tó ti lè tan ènìyàn jẹ ni ìṣirò epo. Ẹni tó bá pín kìlómítà tó wà lójú mítà pẹ̀lú lítà tó rà, á rò pé dífù tuntun ti jẹ́ kí ọkọ̀ òun máa rìn jìnnà sí i lórí lítà kan. Mo ti gbọ́ irú ẹ̀rí yẹn lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ kọ́kọ́ fi 1.1 pín ohun tí mítà kà, kí ẹ tó dá ẹjọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àkókò pípààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì: mítà á sọ pé ó ti tó nígbà tí kò tíì tó, èyí tí kò ba nǹkan jẹ́.

Ọkọ̀ tí iṣẹ́ yìí bá mu

Kò bá gbogbo ọkọ̀ mu. Corolla, Camry àti àwọn mìíràn tó jẹ́ pé táyà iwájú ló ń fà wọ́n, inú jíábọ́ọ̀sì ni réṣíò ìkẹyìn wọn wà. Títú jíábọ́ọ̀sì ni, owó rẹ̀ kì í sì í tọ́ sí i. Fún Hilux tàbí 4Runner tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, iwájú àti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Bí ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀yìn nìkan, tí ẹ wá já a sí 4WD lórí ọ̀dà, àwọn méjèèjì á máa ja ara wọn, ohun kan á sì já nínú ibẹ̀. Ọkọ̀ tuntun onítóròòmátíìkì tí kọ̀ǹpútà ń ṣàkóso jíà rẹ̀ lè nílò kí a tún kọ̀ǹpútà náà ṣe, kí ó lè mọ réṣíò tuntun. Píkọ́ọ̀pù àtijọ́, bọ́ọ̀sì àtijọ́, ọwọ́ la fi ń já jíà wọn, ẹ̀yìn ló ń fà wọ́n: àwọn ni iṣẹ́ yìí tọ́ sí. Kí ẹni tó ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ̀nà tí ọkọ̀ rẹ̀ ń rìn jù sílẹ̀, àti bí ẹrù rẹ̀ ṣe ń wúwo tó, kó tó lọ sí ọjà lọ gbọ́ nọ́ńbà lẹ́nu ẹlòmíì.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Lẹ́yìn 800 kìlómítà, a da epo dífù náà nù. Ohun tó wà lẹ́nu ìdérí tó ní mágínẹ́ẹ̀tì jẹ́ lẹ́ẹ̀ eérú tó kúnná, mo fi ọmọ ìka nù ún, kò sí èérún irin kankan nínú rẹ̀. Epo tuntun wọlé, ẹrù kíkún sì ti bẹ̀rẹ̀.

Jíà kékeré tó ń yí wáyà mítà ló kù. Èyí tó wà ní ìdí jíábọ́ọ̀sì mi ní eyín 30. 33 ni mo nílò kí mítà tó máa sọ òótọ́. N kò tíì rí i rà ní Ladipo, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá lọ wò ní Òwòdè Onírin. Kó tó di ìgbà yẹn, mo ti lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ mítà fún awakọ̀: 55 jẹ́ 50, 88 jẹ́ 80, 110 jẹ́ 100.